Ẹ́ńjìnnì 911 wa ti gbó: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra tọ́kúnbọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́gẹ́ (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn yín kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Mercedes-Benz 911 ni ọkọ̀ náà. Bàbá àwọn ọmọ mi ló fi í sílẹ̀ fún wa, òun náà ló sì ń bọ́ wa. Gàrí àti ẹ̀gẹ́ ló ń kó láti Ìgbó-Ọrà wá sí Bódìjà. Tó bá di àsìkò iṣu, ó máa ń dé Ṣakí. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá náà ló ṣì wà nínú ẹ̀, wọ́n kàn tú orí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí nígbà tí gásíkẹ́ẹ̀tì jó.

Láti bí oṣù mẹ́rin ni nǹkan ti yí padà. Èéfín tó ń tú jáde ti di aláwọ̀ aró. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan kì í tó ìrìn àlọ-àbọ̀ méjì mọ́. Bí dírẹ́bà bá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ yẹ́ẹ́ láti inú wá pẹ̀lú èéfín. Láàárọ̀, à ń tì í kó tó jí. Òkè Mókọ́là tó máa ń fi jíà kẹta gùn pẹ̀lú ẹrù, jíà kejì ló fi ń gùn ún báyìí, àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn á sì máa bú wa.

Mẹkáníìkì méjì ni mo pè. Èkínní ní kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a bọ́ọ̀ ẹ̀, ìyẹn ni pé kí a gbẹ́ ojú sílíńdà tí písítìnì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ẹ̀ kó fẹ̀ díẹ̀, kí a fi písítìnì tuntun sí i pẹ̀lú ríìnì, òrùka irin tó yí písítìnì ká. Èkejì ní òun ò lè fi àkókò òun ṣòfò lórí ẹ́ńjìnnì tó ti kú, kí n lọ gbé tọ́kúnbọ̀ wá, ọjọ́ méjì lòun á fi gbé e wọlé. Owó tọ́kúnbọ̀ tí wọ́n pè fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtúnṣe. Inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo ti fẹ́ yá a, ọjọ́ Ẹtì sì la ń ṣèpàdé. Èwo ni kí n ṣe?

Ọmọ Aráròmí

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ń ta ẹ́ńjìnnì ní Aráròmí, lápá Agodi Gate, ẹ kọ́kọ́ mọ ìyẹn kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi.

Èmi á ní kí ẹ ra tọ́kúnbọ̀. Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá tú, ẹ ò mọ ibi tó máa já sí. Wọ́n á ní ríìnì ni. Ẹ ra ríìnì tán, wọ́n á ní kiránkì, ọ̀pá ìsàlẹ̀ tí àwọn písítìnì ń yí, ti jẹ. Ẹ ṣe kiránkì tán, wọ́n á ní orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀. Láàárín gbogbo ẹ̀, ọkọ̀ á wà lórí òkúta fún oṣù kan, dírẹ́bà yín á ti wá ọkọ̀ mìíràn lọ. Àyederú písítìnì àti bẹ́ríìnì sì pọ̀ lọ́jà, páálí wọn dára ju èyí tó jẹ́ ojúlówó lọ. Tọ́kúnbọ̀ ní tiẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kó sínú ẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀.

Atọ́kọ̀ṣe Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọmọ Aráròmí sọ òtítọ́ nípa àyederú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìbéèrè kan wà tí àwọn mẹkáníìkì méjèèjì yẹn ò bi yín: kí ló pa ẹ́ńjìnnì náà?

Ẹ́ńjìnnì inú 911, OM352 ni. Sílíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, kò ní tọ́bò tó ń ti atẹ́gùn kún un. Ẹ́ńjìnnì tó ní sùúrù ni, mo ti rí èyí tó kọjá ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣàdéédéé kú. Ohun kan ló máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: eruku ni, tàbí ooru, tàbí ọ́ìlì tí wọn kò pààrọ̀ lásìkò. Ohun tó pa èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín ṣì wà nínú ọkọ̀ náà. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn wọlé lọ bá a, yóò pa ìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ó ṣe mọ̀. Àwọ̀ aró tí ẹ rí nínú èéfín, ọ́ìlì ló ń jó níbẹ̀. Ká ní dúdú ni, mà bá ní dísù ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, ẹ wo nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú sílíńdà. Funfun tó ń pẹ́ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ni mà bá fura sí. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ jáde níbi ìdérí ọ́ìlì, agbára tó yẹ kó ti písítìnì sísàlẹ̀ ni, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì já. Ìdí nìyẹn tí òkè Mókọ́là fi nira fún un.

Síbẹ̀, ẹ má fi èéfín nìkan dájọ́. Ẹ ní kí wọ́n yọ nọ́sù, kí wọ́n fi géèjì wọn kọ̀mpúréṣọ̀nù, ìyẹn bí atẹ́gùn ṣe ń fún pọ̀ tó, nínú sílíńdà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ iye wọn sílẹ̀ lójú yín. Èyí tó bá kéré, kí wọ́n da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú ẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìnì àti ojú sílíńdà ló jẹ. Bí kò bá kúrò níbi tó wà, fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n wá lọ, ìyẹn ò sì tó ohun tí èèyàn ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ fún. Kí wọ́n má da ọ́ìlì náà pọ̀ o. Àyè tó wà lórí písítìnì ẹ́ńjìnnì dísù kéré gan-an, ọ́ìlì kì í sì í fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bó bá kún ibẹ̀, tí wọ́n wá yí ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá písítìnì lè tẹ̀.

Ẹ ní kí dírẹ́bà tún ṣí fílítà atẹ́gùn, kí ẹ fi ojú ara yín wo ibẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí fún wa.

Dírẹ́bà Àgbà

Ohun tí Atọ́kọ̀ṣe sọ yìí, ojú mi ló ṣe.

Ọ̀gá kan tí mo wa típà fún ra tọ́kúnbọ̀ tó mọ́ tónítóní. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tan án nílẹ̀, ohùn ẹ̀ tutù, a yọ̀. Wọ́n gbé e wọlé láàárín ọjọ́ méjì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n rediétọ̀ àtijọ́ ni wọ́n dá padà sí i, èyí tí a ti ń bu omi kànga sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú ẹ̀ ti di bí ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi, èépá funfun ti dí ojú ihò rẹ̀ tó ju ìdajì lọ. Mo sọ fún mẹkáníìkì. Ó ní kí n lọ wa ọkọ̀ mi.

Oṣù mẹ́ta ò pé. Ẹrù gíráńáìtì ni mo gbé, oòrùn ọ̀sán, géèjì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró, ṣùgbọ́n orí ẹ́ńjìnnì ti tẹ̀, omi ti wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì dà bí ògì. Nígbà tí wọ́n fi máa parí àtúnṣe yẹn, owó tó bá a lọ ti ju ohun tí wọn ì bá fi tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe lọ. Ọ̀gá yẹn ta ọkọ̀ náà. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí pé rediétọ̀ nìkan ni.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ lónìí, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin.

Fílítà wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ọ́ìlì tó wà níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa, ó le débi pé igi la fi yọ ọ́. Dírẹ́bà ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀. Rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ti ya nísàlẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Ẹnì kan ti fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dì í rí, tíúbù náà ti tú. Mo fi ìka sínú ẹnu páìpù tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, erùpẹ̀ kúnná ló lẹ̀ mọ́ ìka mi.

Ẹkún ń gbọ̀n mí nígbà tí mo rí i. Bàbá wọn máa ń fọ abọ́ yẹn fúnra ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, mo máa ń bá a bínú pé ó ń fi èérí sí aṣọ. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe.

Wọ́n wọn kọ̀mpúréṣọ̀nù náà. Gbogbo sílíńdà ló wálẹ̀, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ló burú jù. Nígbà tí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, gbogbo wọn ló gòkè.

Atọ́kọ̀ṣe Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an, ìyá mi. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi, kò sẹ́ni tó kọ́ yín.

Ó ti yé wa báyìí. Erùpẹ̀ ọ̀nà Ìgbó-Ọrà ló ha ojú sílíńdà bí ẹni fi yanrìn fọ ìkòkò. Irú ikú yìí ṣeé tún ṣe, nítorí pé ó máa ń jẹ ríìnì àti ojú sílíńdà ṣáájú ohun gbogbo. Ẹ bi dírẹ́bà bóyá géèjì ọ́ìlì máa ń wálẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tàbí bóyá ó ti ń nọ́ọ̀kì, ìyẹn kó máa dún bí ẹni ń fi òòlù kan irin. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìrètí wà pé kiránkì ṣì dára. Ṣùgbọ́n onímáṣíìnì ló máa bá wa fi ìwọ̀n sọ ọ́.

Onílẹ́ẹ̀tì

Mo ti ń bọ́ọ̀ sílíńdà ní ìlú Ìbàdàn yìí tipẹ́. Ohun tó máa ń dùn mí jù ni kí èèyàn ra písítìnì kó tó gbé búlọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnnì tí sílíńdà wà nínú ẹ̀, wá. Mà, ẹ má ra nǹkan kan títí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ojú sílíńdà ẹ́ńjìnnì yín, mìlímítà 97 ló jẹ́ láti ilé. A máa wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, a ó tún wọ̀n ọ́n ní ìbú méjèèjì, nítorí pé kì í jẹ bákan náà. Òkè, níbi tí ríìnì àkọ́kọ́ ń yí padà, ló máa ń jẹ jù, ẹ ó fi èékánná kan ẹ̀gún kan níbẹ̀. Bó bá ṣeé bọ́ọ̀ sí 97.5, písítìnì àti ríìnì 97.5 lẹ ó rà. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n písítìnì tó wà lọ́jà, a ó fi sílíìfù, irin róbótó oníhò, bọ inú ẹ̀, a ó sì dá a padà sí 97. Ìyẹn náà kò burú bí ẹni tó ṣe é bá mọ iṣẹ́. Ẹ kó písítìnì wá fún wa kí a tó parí iṣẹ́ lórí sílíńdà, kí a lè fi ojú kọ̀ọ̀kan bá tirẹ̀ mu.

Kiránkì náà ńkọ́? Máíkírómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn irin, ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ojú. A máa ń lọ̀ ọ́ ní ìdá mẹ́rin mìlímítà lẹ́ẹ̀kan: 0.25, 0.50, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ríìnì tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ bá ibi tí a lọ̀ ọ́ dé mu. Bí wọ́n bá ti lọ̀ ọ́ dé òpin rí, kiránkì mìíràn lẹ ó wá, ìdí ìṣirò á sì yí padà.

Ohun méjì péré ló lè mú kí n sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn: kí búlọ́ọ̀kù ti sán, tàbí kí ihò tí kiránkì ń gbé nínú ẹ̀ ti yí kúrò lórí ìlà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ́dì ẹ̀ fún yín.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò, nítorí pé owó ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ yá, èlé sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má fi náírà wọ̀n ọ́n, ìrìn ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìrìn mélòó ni ọkọ̀ máa rìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ dísù, owó dírẹ́bà àti owó ojú ọ̀nà, kó tó san owó àtúnṣe tán? Mélòó fún tọ́kúnbọ̀? Ẹ wá fi ìrìn tí ẹ ó pàdánù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ fi máa wà nílẹ̀ kún ti àtúnṣe. Ẹnu ìlọ́po méjì tó ń dẹ́rù bà yín yẹn máa dín kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò ní dín tó kó yí ìdájọ́ padà, àyàfi bí ìgbà iṣu bá ti kàn yín lára tán.

Ara ọkọ̀ náà ńkọ́? Bí ṣàsíì bá ti ń jẹ, tí pákó ẹ̀yìn ti jẹrà, ẹ má kó owó ńlá sínú ẹ́ńjìnnì.

Ọmọ Aráròmí

Mo gbà. Bí eruku ló ṣe é tí kiránkì sì dára, èmi náà á tún un ṣe ká ní tèmi ni. Inú mi dùn pé ìyá lọ wo fílítà fúnra wọn.

Ṣùgbọ́n bí onílẹ́ẹ̀tì bá ní búlọ́ọ̀kù ti sán, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó sanwó fún tọ́kúnbọ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Ẹ ní kí wọ́n tú ọ́ìlì ẹ̀ sínú abọ́ funfun: bó bá ní àwọ̀ wàrà, omi ti wọ̀ ọ́; bí irin kéékèèké bá ń dán níbẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ ṣí ìdérí fáàfù, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì ti dì síbẹ̀ bí ọ̀dà. Ẹ di ẹnu kiránkì mú, ẹ fà á síwá sẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ máa mì lọ́wọ́ yín. Ẹ wo orí bóòtù, bóyá sípánà ti gbà á. Kí wọ́n tan án láàárọ̀ kùtù nígbà tó tutù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti gbóná sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ bi wọ́n bóyá pọ́ǹpù àti nọ́sù wà nínú owó náà, nítorí ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà tuntun náà, kí ẹ sì lọ tún ìwé ṣe, kí àwọn ọlọ́pàá má baà dá dírẹ́bà yín dúró lójú ọ̀nà.

Ọmọ Òṣìṣẹ́ Leyland

Ẹ má gbàgbé pọ́ǹpù dísù, mà. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Leyland tó wà ní Ìbàdàn yìí nígbà náà, ohun tí wọ́n sì fi kọ́ mi ni pé ẹ́ńjìnnì tuntun tí nọ́sù ẹ̀ ń tọ̀ dípò kó fọ́n, kò ní pẹ́. Dísù tó bá ń tọ̀ á fọ ọ́ìlì kúrò lójú sílíńdà, ó sì lè jó orí písítìnì. Ẹ gbé pọ́ǹpù àti nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ fún àwọn tó ń kálíbrétì, tí wọ́n ń wò ó kó máa fọ́n dísù bó ṣe yẹ, nígbà tí búlọ́ọ̀kù bá wà lọ́dọ̀ onílẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kan ò ní ṣòfò.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ́

Mo padà wá jábọ̀. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo jókòó tì wọ́n láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Búlọ́ọ̀kù kò sán. Wọ́n dí gbogbo ẹnu ẹ̀, wọ́n fi agbára ti omi sí i, kò jò. Ojú sílíńdà ti jẹ, ẹ̀gún tí Onílẹ́ẹ̀tì sọ wà lókè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo fi èékánná mi kàn án. Wọ́n ní 97.5 máa gbà á láìlo sílíìfù. Wọn ò tíì lọ kiránkì rí, 0.25 ló máa gbà. Ṣàsíì le bí òkúta. Ẹ́ńjìnnì bàbá wọn la ó tún ṣe, mi ò ra òmíràn mọ́.

Owó tí mo yá kéré sí èyí tí mo kọ́kọ́ rò. Nínú ẹ̀ ni mo ti yọ owó rọ́bà fílítà tuntun, owó fífọ rediétọ̀ àti owó kálíbrétì pọ́ǹpù. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ ní rọ́bà yẹn lè dúró títí di ìgbà mìíràn. Mo ní kó má gbé ẹ́ńjìnnì wọlé bí kò bá tíì rí i.

Báwo ni kí a ṣe lò ó ní ìbẹ̀rẹ̀? Ẹnì kan ní kí a tan án sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan kó lè mọ ara ẹ̀ lójú.

Atọ́kọ̀ṣe Ọ̀jọ́ọ̀

Rárá o, mà. Ẹ má tan án sílẹ̀ lásán. Ríìnì tuntun nílò agbára tó máa tì í mọ́ ojú sílíńdà, kí wọ́n lè ha ara wọn dọ́gba. Bí ẹ bá kàn fi í sílẹ̀ kó máa hó, ojú sílíńdà á di dídán kí ríìnì tó jókòó, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì. Ẹ jẹ́ kó gbóná, kí wọ́n wo bóyá nǹkan ń jò, kó sì máa lọ sójú ọ̀nà. Ìdajì ẹrù ni fún àwọn ìrìn àkọ́kọ́. Kó má sáré, kó má sì fi jíà ńlá rọ́ òkè. Kí dírẹ́bà máa yí ìwọ̀n ìsáré padà. Kí ó tó pé ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ẹ da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù pẹ̀lú fílítà ẹ̀, nítorí pé gbogbo irin tó ha kúrò ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n tún fún bóòtù orí ẹ́ńjìnnì wò bó ṣe wà nínú ìwé, kí wọ́n sì tún fáàfù sẹ́ẹ̀tì.

Dírẹ́bà Àgbà

Kí dírẹ́bà yín máa wo géèjì ọ́ìlì ju bó ṣe ń wo ọ̀nà lọ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mà. Bó bá wálẹ̀ lójijì, kó pa á níbi tó bá wà, ì báà jẹ́ àárín Ẹlẹ́yẹlé.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ́

Ó jí láàárọ̀ yìí láìtì í. Ìdajì ẹrù gàrí ló gbé dé Bódìjà, jíà kẹta ló sì fi gun Mókọ́là. Mo ti ra abọ́ àti ọ́ìlì fún fílítà. Ọmọ mi ọkùnrin ní òun lòun á máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú, mo sì ti fi ibi tí bàbá ẹ̀ máa ń gbé abọ́ náà lé hàn án.